Àìsàn Sípíkà Apá Òsì

Ọjọ́ tí Gbóyèga kọ́kọ́ fojú kan Tóyọ̀sí, inú kẹ̀kẹ́ Màrúwá ni ọmọbìnrin náà jókòó sí, ó gbá sípíkà ńlá kan mọ́ra bí ẹni tó ń gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná lọ sí ọsibítù. Aṣọ ìbora búlúù ló fi wé e, góńgó orí rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Obìnrin kan fẹ́ wọlé jókòó tì í, Tóyọ̀sí ní, "Ẹ má bínú mà, èèyàn wà níbẹ̀." Obìnrin náà wo aṣọ ìbora, ó wo igi tó yọjú nínú rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Gbóyèga wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó ti ń tún sípíkà ṣe ní Apple Junction, ó ń wo gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rín ń pa á, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn tún ń ṣe é tí kò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ọmọbìnrin náà sọ̀ kalẹ̀, tí kò jẹ́ kí awakọ̀ bá òun gbé ẹrù rẹ̀, Gbóyèga gbàdúrà kékeré kan pé kó má lọ jẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn ló ń bọ̀. Tirẹ̀ ló wá.

"Ẹ káàbọ̀, àǹtí. Kí ló ń ṣe ọmọ?"

Tóyọ̀sí kò rẹ́rìn-ín. "Ohùn rẹ̀ ló ha. Ó ń dún bí ẹni tí gúgúrú há sí lọ́fun."

"Ṣé ó ń jẹun?"

"Bọ̀dá, bàbá mi ló ni nǹkan yìí. Bó bá jẹ́ eré lẹ fẹ́ ṣe, mo lè gbé e lọ síbòmíràn." Bó ṣe ń sọ ọ́ náà ló ń gbé e lé orí tábìlì. "Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Ẹ má kàn tú u o. Ohunkóhun tí ẹ bá ń ṣe, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi."

Ẹ jẹ́ ká sọ irú ẹni tí àwọn méjèèjì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó gùn. Ilé ìtọ́jú ojú kan ní Amúwò ni Tóyọ̀sí ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló máa ń gbé gíláàsì sójú èèyàn, tí á bi í pé, "Èyí dára jù, tàbí èyí?" títí ẹni náà á fi ríran kedere. Ẹni tó bá ń béèrè ọ̀rọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ìbéèrè á mọ́ ọn lára. Bí Tóyọ̀sí bá ra ata, ó fẹ́ mọ oko tó ti wá. Gbóyèga ní tirẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò owó ní yunifásítì, ṣùgbọ́n sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá, tó ń bàjẹ́ lemọ́lemọ́, ló fà á wọ iṣẹ́ yìí. Ó tú u lọ́jọ́ kan láti mọ ohun tó ń ṣe é, kò sì padà sídìí ìṣirò owó mọ́.

Ó yọ aṣọ dúdú tó bo ojú sípíkà náà. Ó fi ìka kan fóòmù tó yí etí pépà inú rẹ̀ ká, fóòmù náà sì rún wómúwómú bíi búrẹ́dì tó jóná.

"Ta ló ṣe é báyìí?" ni Tóyọ̀sí bèèrè.

"Ọjọ́ orí àti ooru Èkó. Ẹ wò ó, pépà roboto yìí ló ń sọ̀rọ̀. Wáyà tí wọ́n ká sẹ́yìn rẹ̀ wọ inú òòfà. Bí orin bá dé, á tì í síwájú, á fà á sẹ́yìn. Fóòmù etí yìí ló dì í mú kó má baà yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí fóòmù bá ti lọ, wáyà á máa ha òòfà lára."

"Ṣé ọjọ́ orí nìkan ló máa ń pa wọ́n?"

Ìbéèrè yẹn ló mú Gbóyèga lọ́kàn. Àwọn oníbàárà rẹ̀ kì í bèèrè ju ìgbà tí wọ́n máa wá gbé e lọ. Ó fa àga fún un.

"Rárá o. Àwọn kan á yí ẹ̀rọ kékeré tó ń fún sípíkà lágbára débi tí agbára rẹ̀ ò ká mọ́, á wá máa pariwo dípò orin, sípíkà kékeré tó wà lókè yìí á sì jóná. Ti àwọn kan, ọmọ ló fìka gún un níkùn. Mo ti bá aáyán nínú òmíràn, òun àti gbogbo ìdílé rẹ̀."

"Irọ́ lẹ̀ ń pa."

"Àtàwọn àna wọn."

Lọ́tẹ̀ yìí, Tóyọ̀sí rẹ́rìn-ín. Gbóyèga bu gọ́ọ̀mù sí etí pépà, ó gbé fóòmù tuntun lé e, ó sì jẹ́ kó bá òun fi ìka tẹ̀ ẹ́ yípo títí ó fi mú. Ìka wọn pàdé ní òpin ìrìn yípo náà. Kò sẹ́ni tó yára gbé ìka kúrò.

Bàbá Adédìran, tó bí Tóyọ̀sí, ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, inú ilé rẹ̀ ní Festac ló sì ń gbé pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀ yìí. Òun àti Bernice ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n jọ ra sípíkà méjèèjì nígbà tí Tóyọ̀sí ṣì ń rákò. Ó ti di ọdún kejì tí Bernice ti sùn nínú Olúwa. Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, bàbá á fi rẹ́kọ́ọ̀dù sí i, á máa gbé ohùn ìsàlẹ̀, ìyẹn báàsì, tẹ̀lé e láti orí àga rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí sípíkà apá òsì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ha, bàbá ò jókòó ní pálọ̀ mọ́. Inú yàrá ló ti ń jẹun. Ìdí nìyẹn tí Tóyọ̀sí fi gbá a mọ́ra bẹ́ẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, Gbóyèga fúnra rẹ̀ gbé sípíkà náà wá sílé. Ó so wáyà rẹ̀, ó fi rẹ́kọ́ọ̀dù sí i, orin bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí ilẹ̀kùn yàrá ṣí. Bàbá Adédìran jáde wá tòun ti abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́, ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ohùn ìsàlẹ̀. Tóyọ̀sí sá wọ kíṣìnnì lọ nu ojú rẹ̀.

"Ojúlówó lo fi tún un ṣe?" ni bàbá bi Gbóyèga nígbà tí orin parí.

"Ojúlówó ni sà."

"Á á. Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Oṣù kejì ò tíì jìn tí sípíkà náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í ha. Gbóyèga tú u, ó rí i pé fóòmù tuntun náà kò ṣe nǹkan kan, etí pépà ló ti ṣí kúrò lára rẹ̀. Ojú tì í. Ó rò pé bóyá gọ́ọ̀mù náà ti pẹ́ jù, ó fi tuntun lẹ̀ ẹ́. Ó tún ṣí.

Ọ̀rọ̀ wá di àdììtú. Ẹ sì mọ ohun tí àdììtú máa ń ṣe fún irú èèyàn méjì bẹ́ẹ̀. Gbóyèga gbé ti òsì sí ọ̀tún, ó gbé ti ọ̀tún sí òsì. Ó ní bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló ń pa á, èyí tó bá wà lápá òsì ni yóò bàjẹ́. Èyí tó ń ṣàìsàn ló tún ṣàìsàn lápá ọ̀tún níbẹ̀. Tóyọ̀sí ní bóyá oòrùn ojú fèrèsé ni. Wọ́n sún un wọ kọ̀rọ̀. Ó ní bóyá aáyán ni. Wọ́n da káfúrà sábẹ́ rẹ̀, odindi ọ̀sẹ̀ kan ni pálọ̀ fi ń rùn bí àpótí aṣọ. Wọ́n bi bàbá bóyá ó máa ń yí i sókè jù.

"Èmi? Ohùn tí mò ń gbọ́ ò ju ti ẹni tó ń gbàdúrà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ," ni bàbá wí, òótọ́ sì ni.

Ká sọ tòótọ́, inú àwọn méjèèjì ò bàjẹ́ tó bó ṣe yẹ. Bí sípíkà bá ti ha, Gbóyèga á wá. Bó bá ti wá, Tóyọ̀sí á sìn ín jáde. Bí wọ́n bá sì ti dé ẹ̀bá ọ̀nà, kẹ̀kẹ́ mẹ́rin á kọjá kí ó tó wọ ọ̀kan. Níbẹ̀ ni Tóyọ̀sí ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ kan pé, "Bóyá ìwọ lò ń dọ́gbọ́n bà á jẹ́, kí o lè máa wá."

"Ó yẹ kí n ti ronú kan ìyẹn," ni Gbóyèga wí. "Ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní ìwọ? Bọ̀dá Gbóyèga ni mò ń jẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Bọ̀dá tí kò mọ ohun tó ń ṣe sípíkà."

"Ẹyinjú mi, gbọ́. Mo ti ń wá ohun tó ń ṣe sípíkà yẹn, mi ò rí i. Ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tó ń ṣe èmi."

Tóyọ̀sí wo ojú pópó bí ẹni tó ń wá kẹ̀kẹ́. "Ṣé ó ní oògùn?"

"Kí n má rí oògùn rẹ̀ o."

Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí kẹ̀kẹ́ karùn-ún fi dé.

Nígbà tó yá, Gbóyèga wọ búbá àti ṣòkòtò rẹ̀ tó dára jù, ó wá rí Bàbá Adédìran. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun fẹ́ fẹ́ Tóyọ̀sí, òun kò sì fẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Bàbá gbọ́ ọ, kò fa ojú ro. Ó tilẹ̀ dìde, ó fi rẹ́kọ́ọ̀dù sí i fún àlejò rẹ̀. Orin àkọ́kọ́ dùn. Nínú orin kejì, sípíkà náà bẹ̀rẹ̀ sí í ha.

Bàbá pa ẹ̀rọ náà.

"Gbóyèga, àìmọye ìgbà rèé tí o ti tún nǹkan yìí ṣe."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"O sọ fún mi pé ojúlówó lo fi sí i. Mo gbà ọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n ojú mi là, etí mi náà sì là. Ayédèrú ni o ń lò. Ẹni tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò mú, báwo ni ìlérí rẹ̀ ṣe máa mú? Mi ò lè fa ọwọ́ ọmọ mi lé irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀."

"Dádì," ni Tóyọ̀sí ké.

"Mo ti sọ̀rọ̀."

Gbóyèga gbé sípíkà náà, ó lọ. Nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ya fóòmù náà kúrò pátápátá, ó sì yọ gbogbo pépà náà síta, èyí tí kò ṣe rí. Ó gbé e sójú oòrùn. Etí pépà náà yípo ń dán, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá bíi bébà tí wọ́n fi wé àkàrà. Ó gbé e sí imú. Ó mọ òórùn náà, òórùn ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi ni. Ìyá Gbóyèga, Màmá Yíwọlá, kì í jẹ́ kí nǹkan kan nínú ilé wọn ṣẹ́kù láìkàn án pẹ̀lú òróró àdúrà: kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, fóònù, iwájú orí ọmọ rẹ̀. Òróró ólífì ni; ìyá rẹ̀ kò sì fojú kan sípíkà yìí rí, Bàbá Adédìran nìkan ló lè máa gbàdúrà lé e lórí nílé. Kò sì sí gọ́ọ̀mù láyé tó ń mú níbi tí òróró bá ti wọ inú pépà.

Ó jókòó. Ẹ wo bó ṣe rí lára rẹ̀: ohun tó ti ń wá láti oṣù mélòó kan ló rí yìí, kò sì lè sọ ọ́. Ta ló máa lọ sọ fún àgbà tó pàdánù ìyàwó, tó ń gbàdúrà lórí ohun tí wọ́n jọ rà, pé òróró ọwọ́ rẹ̀ ló ń bà á jẹ́? Pàápàá ọmọkùnrin tó ń tọrọ ọmọ bàbá náà? Ó ronú títí, ó sì pinnu pé òun á gba ẹ̀bi náà.

Nígbà tí Tóyọ̀sí dé, ó ní, "Mi ò lè tún un ṣe mọ́. Ẹ kúkú wá òmíràn."

"Kí lo rí?"

"Mi ò rí nǹkan kan."

"Gbóyèga, ojú ni mò ń yẹ̀ wò láràárọ̀. Mo mọ ojú ẹni tó rí nǹkan."

"Mo ní mi ò rí nǹkan kan, Tóyọ̀sí."

Ó dúró, ó ń retí. Gbóyèga ń ká wáyà tí kò nílò kíká. Tóyọ̀sí kó sípíkà náà padà sínú aṣọ ìbora rẹ̀ pẹ̀lú pépà rẹ̀ tí wọ́n kàn gbé lé e lẹ́nu, ó pe kẹ̀kẹ́. Inú rẹ̀ bàjẹ́ gan-an. Bí ọkùnrin yìí bá lè fi ọ̀rọ̀ sípíkà pamọ́ fún òun, kí ni kò ní lè fi pamọ́? Bóyá òótọ́ ni ohun tí Dádì sọ. Kò pè é, nígbà tí Gbóyèga sì pè, kò gbé e.

Ọjọ́ kìíní oṣù tuntun dé. Láti kékeré ni Tóyọ̀sí ti mọ̀ pé bí oṣù bá yọ, wọ́n máa ń fi òróró yí ilé ká láfẹ̀mọ́jú. Màmá rẹ̀ ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn tó lọ, bàbá gbà á ṣe. Ṣùgbọ́n orí ibùsùn ni Tóyọ̀sí ti máa ń gba tirẹ̀, níwájú orí, láàárín oorun. Kò tẹ̀lé wọn rí. Láàárọ̀ yìí, kò sùn. Ó ti sunkún títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Bàbá wọlé, ó fi ìka tútù kàn án níwájú orí, ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó jáde.

Tóyọ̀sí dìde, ó tẹ̀lé e láìjẹ́ kó mọ̀. Ó rí i tó kan férémù ilẹ̀kùn. Ó kan fíríìjì. Ó kan àga tí Bernice máa ń jókòó sí. Ó wá dé ibi sípíkà. Pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, bàbá rọra kúnlẹ̀, ó ṣí aṣọ dúdú ojú rẹ̀, ó da òróró sí ìka, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi yí etí pépà náà ká, bí ẹni tó ń fi róòbù pa àyà ọmọ tó ní òtútù.

"Olúwa, ìwọ ló ni ohùn. Wo èyí sàn. Má jẹ́ kí ilé yìí dákẹ́ mọ́ mi lórí."

Kò kan èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Ara èyí yá. Aláìsàn là ń gbàdúrà fún.

Tóyọ̀sí fara ti ògiri. Ó rántí ọwọ́ màmá rẹ̀. Igi ni màmá máa ń kàn, lókè pátápátá, lórí àpótí. Kò ṣí aṣọ ojú rẹ̀ rí.

Nígbà tí Gbóyèga ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó rí i tó ń bọ̀. Òróró ṣì ń dán níwájú orí rẹ̀. Kò sí ohun tó kù láti ṣàlàyé.

"O mọ̀," ni Tóyọ̀sí wí.

"Mo mọ̀."

"O jẹ́ kí n máa rò pé ò ń fi nǹkan pamọ́ fún mi."

"Mò ń fi í pamọ́ lóòótọ́. Ṣé kí n wá sọ fún Bàbá pé àdúrà wọn ló ba nǹkan jẹ́ ni?"

"Àdúrà kọ́. Òróró ni."

"Èmi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́nu tèmi, ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa gbọ́ ọ? Ó sàn kí wọ́n máa pè mí ní aláyédèrú."

"Ó sàn fún ta?" Tóyọ̀sí sún mọ́ ọn. "Èmi ńkọ́? Mo ti fẹ́ fi ọ́ sílẹ̀, Gbóyèga. O fẹ́ pa iyì bàbá mi mọ́, o wá ń fi èmi ṣòfò."

Gbóyèga wò ó. Ó ti ro ti bàbá, ó ti ro ti ara rẹ̀. Kò ro ibi tí Tóyọ̀sí dúró sí. "Mi ò ro ibẹ̀," ló wí. "Jọ̀ọ́, má bínú."

"Mo mọ̀ pé o ò ro ibẹ̀." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Èmi náà, mi ò gbé fóònù rẹ. Èmi ni màá sọ fún Dádì."

Ìdí oúnjẹ àárọ̀ ló ti sọ ọ́. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá rẹ̀, ó sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: bí òróró ṣe ń wọ pépà, bí gọ́ọ̀mù kì í ṣe é mú níbẹ̀. Bàbá Adédìran gbé ìka rẹ̀ sókè, ó ń wò ó.

"Gbogbo ìgbà yẹn, ìka mi ni?"

"Òróró ni, Dádì."

"Ṣùgbọ́n màmá rẹ ń ṣe é. Ọdún mélòó ló fi ṣe é, kò sí ohun tó ṣe é."

"Igi ni Mọ́mì máa ń kàn. Wọn kì í ṣí aṣọ rẹ̀."

Bàbá tún wo ìka rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré tó ń mi èjìká, ẹ̀rín náà sì di omijé lójú rẹ̀. "Bernice," ló wí. "O ò sọ ìyẹn fún mi kí o tó lọ." Tóyọ̀sí gbé orí lé e lórúnkún, wọ́n jọ sunkún. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin màmá, wọn ò tíì jọ sunkún rí.

"Ọmọkùnrin yẹn," ni bàbá bèèrè nígbà tó yá, "ṣé ó mọ̀?"

"Ó mọ̀, Dádì."

"Ó sì gbà kí n máa pè é ní aláyédèrú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Pè é wá."

Gbóyèga dé, ó dọ̀bálẹ̀. Bàbá ní kó dìde, kó jókòó. "Mo pè ọ́ ní ohun tí o kì í ṣe, níṣojú ọmọ mi. Má bínú."

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ sà."

"Nǹkan wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi náà ní ẹjọ́ bá ọ rò. Wọ́n ní bí ojú bá rí, ẹnu a dákẹ́. Ìyẹn lè dára lóde. Nínú ilé, ó lè tú ilé ká. Bí ìwọ àti Tóyọ̀sí bá jọ ń gbé, tí o rí i pé ó ń ṣàṣìṣe, ṣé wàá máa gba ẹ̀bi ni, tí wàá máa wò ó?"

"Rárá sà."

"Kí ni wàá ṣe?"

"Màá sọ fún un sà."

"Pẹ̀lú ohùn wo?"

Gbóyèga ronú díẹ̀. "Ohùn ìsàlẹ̀ sà."

Bàbá rẹ́rìn-ín débi pé ó wúkọ́. "Ó ti mọ ibi tó máa gbà wọlé sí mi lára. Ẹ lọ tún sípíkà mi ṣe."

Pépà tó ti mu òróró kò ṣeé tún lẹ̀ mọ́. Odindi pépà tuntun pẹ̀lú wáyà ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ní láti wá, irú sípíkà náà sì ti pẹ́ tí wọn ò ṣe é mọ́. Wọ́n wá a dé Mazamaza. Tóyọ̀sí ń bi gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé léèrè ọ̀rọ̀ títí wọ́n fi rí òkú sípíkà kan tí àpótí rẹ̀ ti jẹrà, ṣùgbọ́n tí pépà rẹ̀ gbẹ kangí. Wọ́n gbé e délé, Gbóyèga tò ó pọ̀, ó ní kí Tóyọ̀sí jókòó sórí ẹní láàárín sípíkà méjèèjì, kó di ojú.

Ó jẹ́ kí apá ọ̀tún dún. "Èyí dára jù?" Ó jẹ́ kí apá òsì dún. "Tàbí èyí?"

"Mi ò mọ ìyàtọ̀ wọn," ni Tóyọ̀sí wí, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. "Ta ló ní kí o jí ìbéèrè mi?"

"Má tíì lajú, ó ku ọ̀kan." Gbóyèga pa ẹ̀rọ náà. Láti ẹnu ọ̀nà lọ́hùn-ún, ó ní, "Kí n wà níhìn-ín, kí ìwọ wà níbẹ̀ títí ayé. Èyí dára jù?" Ó rìn wá, ó jókòó sórí ẹní, èjìká rẹ̀ kan tirẹ̀. "Tàbí èyí? Tóyọ̀sí, ṣé wàá fẹ́ mi?"

Tóyọ̀sí kò lajú. "Tún èkejì yẹn ṣe," ló wí, "kí n gbọ́ ọ dáadáa."

Ó tún un ṣe. Tóyọ̀sí ní òun fẹ́ èkejì.

Ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ wọn bọ́ sí ọjọ́ kìíní oṣù. Màmá Yíwọlá àtàwọn ẹbí Gbóyèga ti jókòó ní pálọ̀ láàárọ̀, wọ́n sì ti gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí Bàbá Adédìran dìde tòun ti ìgò òróró lọ́wọ́. Ó ní òun fi ti òní pamọ́ kí gbogbo wọn lè jọ wà níbẹ̀. Ó kan férémù ilẹ̀kùn. Ó kan fíríìjì. Ó kan àga Bernice. Nígbà tó dé ibi sípíkà, Tóyọ̀sí àti Gbóyèga wo ara wọn. Bàbá tẹ̀ba, ó wo aṣọ dúdú náà, kò ṣí i. Ó fi ìka kan igi rẹ̀ lókè, ní ibi tí ìyàwó rẹ̀ máa ń kàn.

Ó wá yí padà. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ mú ọwọ́ yín wá."

Ó da òróró sí àtẹ́lẹwọ́ Gbóyèga, ọwọ́ tó ní òun kò lè fa ọmọ òun lé. Ó da á sí ti Tóyọ̀sí. Ó gbé ọ̀kan lé orí èkejì, ó fi tirẹ̀ dì wọ́n mú. Òróró ń ṣàn sí ọrùn ọwọ́ wọn.

"Sà," ni Gbóyèga wí jẹ́jẹ́, nítorí pé ó ti ṣèlérí láti máa sọ ohun tó bá rí, "gọ́ọ̀mù kì í mú níbi tí òróró bá wà o."

"Mo mọ̀," ni bàbá dáhùn. "O ti kọ́ mi. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fi gọ́ọ̀mù so yín pọ̀."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, ó fi rẹ́kọ́ọ̀dù sí i, ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó sì dúró kí orin dé ibi tí ohùn ìsàlẹ̀ ti máa ń wọlé.